Àwo Orin Tí Ayé Gbọ́, Àpápá Ni Wọ́n Ti Ṣe É

Ọ̀rọ̀ orin la fẹ́ sọ lónìí, ó sì kan àwa ará Ọ̀tọ̀-Àwórì ju bí a ṣe rò lọ.

Bí èèyàn bá gba ojú ọ̀nà Àgbádárìgì tó wà níwájú ilé wa yìí, tó dorí kọ Máìlì Túù, tó wá yà sí Àpápá, yóò dé Wharf Road. Ní ọdún 1973, ilé-iṣẹ́ EMI ní sítúdíò kan ní òpópónà yẹn. Ibẹ̀ ni Paul McCartney, ọ̀kan nínú àwọn mẹ́rin tí ayé mọ̀ sí Beatles, ti gba ohùn èyí tó pọ̀ jù nínú àwo orin kan sílẹ̀, òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ tó ń jẹ́ Wings. Band on the Run lorúkọ àwo náà. Ó gba ipò kìíní ní Ìlú Ọba, ó gba ipò kìíní ní Amẹ́ríkà, kò sì sí àwo orin sítúdíò mìíràn tó tà tó o ní Ìlú Ọba ní ọdún 1974.

Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ bá mi gbé yẹ̀ wò. Àwọn tó ni àwo yìí ti kọ ìtàn rẹ̀ sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: ẹni tó lu ìlù, ẹni tó ta gìtá, òjò tó rọ̀, olè tó jà. Ní ìlú kan náà, ní ọdún kan náà, àwọn olórin tiwa ń ṣe iṣẹ́ tí kò kéré sí i rárá, ṣùgbọ́n inú ọpọlọ àwọn àgbà ni púpọ̀ nínú ìtàn tiwọn ṣì wà. Àwọn àgbà yẹn sì ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ bí ayé orin ṣe rí nígbà náà. Orin tí wọ́n ń pè ní glam rock ló gba ìgboro Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn ọkùnrin olórin ń lé tìróò, wọ́n ń kun ojú, wọ́n ń wọ aṣọ tó ń dán yinrinyinrin àti bàtà onígìgísẹ̀ gíga. Marc Bolan ti ẹgbẹ́ T. Rex wà lára wọn. David Bowie náà wà lára wọn. Ní oṣù Kẹfà ọdún 1972, Bowie gbé àwo kan jáde nípa ẹ̀dá kan tó pe orúkọ rẹ̀ ní Ziggy Stardust, olórin kan tó di gbajúgbajà, tí òkìkí náà sì wá pa á run. Orin 11 ló wà nínú rẹ̀, gbogbo rẹ̀ kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 38 lọ, èrò kan náà ló sì so wọ́n pọ̀. Bowie pa irun rẹ̀ láró pupa, ó gbé aṣọ Ziggy wọ̀, ó sì di Ziggy lórí ìtàgé. Kò yẹ kí èyí ṣàjèjì sí àwa tí a bí ní ilẹ̀ Egúngún. Ẹni tó bá ti gbé ẹ̀kú wọ̀, ohùn rẹ̀ á yí padà, ẹni tó mọ̀ ọ́n lánàá kò sì gbọdọ̀ pe orúkọ rẹ̀ mọ́. Ní ọjọ́ kẹta oṣù Keje ọdún 1973, ní Hammersmith, Bowie kéde níwájú èrò pé eré ìkẹyìn nìyẹn. Ó bọ́ ẹ̀wù Ziggy kalẹ̀.

Kò pé oṣù méjì lẹ́yìn ìyẹn tí McCartney fi wọ bàálù wá sí Èkó. Òun kò kun ojú, kò wọ aṣọ dídán. Ṣùgbọ́n àkókò kan náà ni wọ́n jọ wà, etí kan náà ni wọ́n ń kọrin sí, òun náà sì fẹ́ ṣe àwo tí ohun kan yóò gba inú rẹ̀ kọjá. Ọ̀rọ̀ ìtúsílẹ̀ ló jẹ ẹ́ lógún: ẹni tó wà ní àhámọ́, tó já, tí wọ́n sì ń wá kiri. Beatles ti tú ká ní 1970. Ẹjọ́ ilé-iṣẹ́ wọn kún ilé ẹjọ́. Àwọn akọ̀ròyìn ń sọ pé kò lè dá nǹkan gidi ṣe mọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló ń wá ọ̀nà àbájáde.

Kí ló dé tó fi jẹ́ Èkó? Ó béèrè lọ́wọ́ EMI pé níbo ni wọ́n ní sítúdíò sí káàkiri ayé. Wọ́n fún un ní orúkọ ìlú púpọ̀, Rio de Janeiro wà nínú rẹ̀, Èkó náà wà nínú rẹ̀. Ó mú Èkó. Ó ní òun yóò máa yáàrùn létíkun lọ́sàn-án, òun yóò máa kọrin lálẹ́, òun yóò sì gbọ́ orin Áfíríkà ní orísun rẹ̀. Kò mọ̀ pé inú òjò ló ń bọ̀.

Nàìjíríà ìgbà náà ń tún ara rẹ̀ tò. Kò tíì pé ọdún mẹ́rin tí ogun abẹ́lé parí. Ọ̀gágun Yakubu Gowon ló ń ṣèjọba. Náírà ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ́pò pọ́n-ùn ní oṣù Kìíní ọdún yẹn gan-an, oṣù kan náà tí gbogbo Áfíríkà pé sí Èkó fún ìdíje eré ìdárayá. Ọdún kan ṣáájú ni a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣíwọ́ wíwa mọ́tò lọ́wọ́ òsì, tí a bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún. Ìlú tuntun là ń kọ́ nígbà náà, orin sì wà láàárín gbogbo rẹ̀.

Kí McCartney tó gbéra ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Henry McCullough, ẹni tó ń ta gìtá fún Wings, fi ẹgbẹ́ sílẹ̀. Nígbà tó ku ọ̀la kí wọ́n wọ bàálù, Denny Seiwell onílù náà ní òun kò lọ mọ́. Ó ku McCartney, Linda ìyàwó rẹ̀, àti Denny Laine. Ẹlòmíràn ì bá dá ìrìn àjò náà dúró. McCartney kò dá a dúró. Ó ní òun yóò lu ìlù náà fúnra òun, òun yóò ta gìtá béèsì, òun yóò tún ta gìtá tó kù. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe é. Gbogbo ìlù òyìnbó tẹ́ ẹ bá gbọ́ nínú àwo yẹn, ọwọ́ McCartney ni.

Geoff Emerick ló bá wọn wá láti darí ìgbohùnsílẹ̀. Òun ló ṣe iṣẹ́ kan náà fún Beatles nígbà tí wọ́n ṣe Sgt. Pepper ní 1967, àwo tó kọ́ ayé orin rọ́ọ̀kì pé gbogbo orin inú àwo lè jẹ́ odindi ìtàn kan. Nígbà tí Emerick wọ sítúdíò Wharf Road, ohun tó bá níbẹ̀ kò jọ ti Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ̀rọ téèpù ibẹ̀ kò lè gbà ju ọ̀nà ohùn 8 lọ, bẹ́ẹ̀ sì ni ti Lọ́ńdọ̀nù ti ń gba 16. Kò sí yàrá kéékèèké tó lè dá ohùn ìlù dúró kó má dà pọ̀ mọ́ ohùn gìtá. Lẹ́yìn ilé kan náà ni àwọn òṣìṣẹ́ ti ń tẹ àwo. Wọ́n fi pákó ṣe ìdábùú, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Mo fẹ́ kí ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń ṣe orin nínú yàrá kékeré ní Òkòkòmáìkò di èyí mú dáadáa: nínú yàrá tí ohun èlò rẹ̀ kò pé ni wọ́n ti ṣe àwo tó gba ẹ̀bùn Grammy fún iṣẹ́ ìgbohùnsílẹ̀ tó dára jù.

Lálẹ́ ọjọ́ kan, McCartney àti Linda ń fẹsẹ̀ rìn lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ti kìlọ̀ fún wọn. Àwọn olè dá wọn lọ́nà, wọ́n yọ ọ̀bẹ. Wọ́n gba báàgì lọ́wọ́ wọn. Nínú báàgì yẹn ni kásẹ́ẹ̀tì wà, èyí tó gba àwọn orin tuntun náà sí nílé, pẹ̀lú ìwé tó kọ ọ̀rọ̀ orin sí. Ẹ̀dà mìíràn kò sí. Ó di dandan kó padà sí orí ara rẹ̀, kó máa rántí orin kọ̀ọ̀kan bó ṣe gbé e kalẹ̀. Kò pẹ́ sí ìyẹn, èémí tún há mọ́ ọn nínú sítúdíò, ó ṣubú lulẹ̀, àwọn tó wà níbẹ̀ rò pé ọkàn rẹ̀ ló fẹ́ dáṣẹ́ dúró. Dókítà ní sìgá ló fà á.

Ibi tí ìtàn yìí ti kàn wá jù ni ọ̀rọ̀ Fẹlá. Nígbà náà, Fẹlá Aníkúlápó-Kútì kò tíì máa jẹ́ Aníkúlápó. Ransome-Kútì ló ṣì ń jẹ́. Ṣùgbọ́n òkìkí rẹ̀ ti kàn. Ọdún yẹn ló gbé Gentleman jáde, EMI kan náà ló sì gbé e jáde fún un. McCartney lọ gbọ́ orin rẹ̀ ní Shrine, ilé ijó Fẹlá. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, ó sọ ọ́ lẹ́nu ara rẹ̀ pé nígbà tí ẹgbẹ́ Fẹlá bẹ̀rẹ̀ sí í lù, omijé bọ́ lójú òun, torí òun kò gbọ́ irú rẹ̀ rí. Fẹlá ní tirẹ̀ kò dunnú sí ìbẹ̀wò náà. Ó fẹ̀sùn kàn án pé orin aláwọ̀ dúdú ló wá jí kó lọ. McCartney pè é wá sí sítúdíò, ó tẹ téèpù fún un, ó ní kó gbọ́ ohun tí òun ń ṣe. Fẹlá gbọ́ ọ. Kò bá orin Áfíríkà kankan níbẹ̀ tí wọ́n jí. Ọ̀rọ̀ náà sì parí síbẹ̀.

Àwọn kan máa ń sọ ìtàn yìí bí ẹni pé Fẹlá kàn ń bínú lásán ni. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ̀tọ́ Fẹlá ni láti béèrè. Ilé-iṣẹ́ òyìnbó tó wà ní ìlú wa, tó ń tẹ àwo àwọn olórin wa, tó sì ń kó owó lọ, kò sí ohun tó burú nínú kí ọmọ onílé béèrè ohun tí àlejò wá ṣe. McCartney náà ṣe ohun tó tọ́: ó ṣí téèpù rẹ̀ sílẹ̀, kò fi ohunkóhun pamọ́. Bí gbogbo àdéhùn nípa orin wa bá rí bẹ́ẹ̀, tí oníbèéèrè ń béèrè, tí oníṣẹ́ sì ń ṣí ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, àwọn olórin wa ì bá má kú sínú òṣì.

Àdánù kan wà nínú ìjà yẹn ṣá. McCartney ti ní in lọ́kàn tẹ́lẹ̀ pé òun yóò pe àwọn onílù wa wá bá òun ṣe orin náà. Lẹ́yìn tí Fẹlá sọ̀rọ̀, ó ní òun kò pè wọ́n mọ́. Nígbà tó padà dé Lọ́ńdọ̀nù, ó wá pe onílù kan pé kó lù sí orin Bluebird, ni wọ́n bá rí i pé ọmọ Èkó ni: Remi Kabaka. Èkó tí wọ́n fò wá, ilé ni wọ́n ti wá bá a lálejò.

Ẹlòmíràn tún wà ní Èkó nígbà náà, Ginger Baker, onílù ẹgbẹ́ Cream tẹ́lẹ̀, ọ̀rẹ́ Fẹlá. Ó wa mọ́tò kọjá aṣálẹ̀ Sàhárà wá sí ìlú wa ní 1971, ó sì kọ́ sítúdíò sí Ìkẹjà. Ó fẹ́ kí McCartney wá ṣe iṣẹ́ rẹ̀ lọ́dọ̀ òun. McCartney ṣe orin kan níbẹ̀, èyí tó fi rántí Picasso, ayàwòrán ńlá tó kú ní oṣù Kẹrin ọdún yẹn. Baker fúnra rẹ̀ kó òkúta wẹ́wẹ́ sínú agolo, ó sì ń mì ín bíi ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀. Ibi tí orin yẹn ti bẹ̀rẹ̀ tilẹ̀ dùn ún gbọ́. Ilẹ̀ Jàmáíkà ni McCartney wà nígbà tí òṣèré Dustin Hoffman ní kó fi ìròyìn ikú Picasso kọ orin lójú òun. McCartney gbé gìtá, ó sì bẹ̀rẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Ní oṣù Kẹsàn-án, wọ́n kó téèpù wọn, wọ́n padà sí Lọ́ńdọ̀nù láti lọ parí rẹ̀. Tony Visconti ló ṣètò ohùn àwọn gòjé àti fèrè tó kún inú rẹ̀. Visconti yìí náà ló ń ṣe àwo fún T. Rex, tó sì ti bá Bowie ṣiṣẹ́. Ẹ ò rí i pé okùn glam rock ò jìnnà sí Wharf Road rárá. Ní oṣù Kejìlá, àwo jáde. Àwòrán iwájú páálí rẹ̀ fi àwọn ẹlẹ́wọ̀n hàn tí iná mú lójú níbi tí wọ́n ti ń sá lọ. Àwọn gbajúmọ̀ bíi Christopher Lee òṣèré àti John Conteh abẹ̀ṣẹ́kùbíòjò wà láàárín wọn.

Bí ẹ bá fẹ́ gbọ́ ọ, ẹ má ṣe já orin kan mú nínú rẹ̀. Ẹ gbọ́ ọ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Orin àkọ́kọ́ ní ọ̀nà mẹ́ta: ó bẹ̀rẹ̀ ní àhámọ́, ó kọjá sínú àárò òmìnira, ó wá já síta. Bluebird ń fò lọ lójú ọ̀run. Nínú orin Picasso, ẹ máa gbọ́ ègé orin tó ti kọjá tó ń padà wá. Nígbà tí orin ìkẹyìn bá sì ń parí, ohùn orin àkọ́kọ́ á tún yọ, títí gbogbo rẹ̀ á fi rọlẹ̀. Iṣẹ́ tí wọ́n ronú sí nìyẹn.

Àwa náà mọ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣe. Láti 1963 ni Dúró Ládípọ̀ ti fi orin àti ìlù pa ìtàn Ṣàngó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin nínú Ọba Kò So. Ní àwọn ọdún 1970, Ebenezer Obey àti Sunny Adé máa ń kọrin gba gbogbo ojú kan àwo, orin kan á wọ inú òmíràn láìdúró. Fẹlá máa ń lo odindi ojú àwo fún ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, á sì tú u palẹ̀ títí kò fi ní ku nǹkan kan. Iṣẹ́ ọpọlọ ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá bi ẹ́ lónìí pé ta ló lu gángan nínú àwo báyìí-báyìí, sítúdíò wo ni wọ́n ti ṣe é, ọjọ́ mélòó ni wọ́n fi ṣe é, ta ló dúró nídìí ẹ̀rọ, mélòó nínú rẹ̀ lo lè dáhùn? Ní Lọ́ńdọ̀nù, ní Heddon Street, níbi tí wọ́n kàn ti ya àwòrán páálí àwo Ziggy, wọ́n gbé àmì ìrántí sí ara ògiri ibẹ̀ ní 2012. Wọn kò kọrin níbẹ̀, àwòrán lásán ni. Àpápá tí wọ́n ti ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú àwo Band on the Run, tí Fẹlá náà ti ṣe tirẹ̀, ó tọ́ sí irú àmì bẹ́ẹ̀ ju ibẹ̀ lọ.

Nítorí náà, mo ní ẹ̀bẹ̀ mẹ́ta.

Ẹ̀yin oníṣòwò orin ní ọjà Alábà, ẹ̀yin lẹ ta orin Nàìjíríà láti ayé kásẹ́ẹ̀tì títí dé ayé CD. Téèpù àti àwo tó kù ní ilé ìkẹ́rù yín, ẹ má kó o dànù, ẹ má sì fi joná. Ẹ jọ̀wọ́, orúkọ tó wà lẹ́yìn páálí rẹ̀ ni ẹ̀rí kan ṣoṣo tí ọmọ olórin mìíràn ní pé bàbá òun ṣiṣẹ́ rí.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ LASU ní Ọ̀jọ́, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ́ nípa eré ìtàgé àti orin, iṣẹ́ ìwádìí yín kò jìnnà. Ẹ lọ bá àwọn àgbà tó lù, tó kọ, tó dúró nídìí ẹ̀rọ ní Àpápá àti Ìkẹjà. Ẹ gba ohùn wọn sílẹ̀ kí wọ́n tó lọ.

Ẹ̀yin ará ilé, bí àwo eélìpíì bá wà nílé bàbá yín, ẹ gbé e dúró lóòró, ẹ má tò ó lé orí ara wọn, ẹ gbé e kúrò nínú oòrùn àti ọ̀rinrin. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé fóònù yín, ẹ jókòó ti màmá tàbí bàbá tó bá ṣì wà, ẹ bi wọ́n pé: níbo lẹ ti kọ́kọ́ gbọ́ àwo yìí, ta lẹ mọ̀ nínú àwọn tó ṣe é, kí ni wọ́n fi orin náà sọ? Ẹ gba ìdáhùn wọn sílẹ̀. Ẹ kọ déètì sí i.

Ìtàn orin wa kò gbọdọ̀ jẹ́ ohun tí àlejò yóò máa sọ fún wa. Ẹ bẹ̀rẹ̀ lónìí, nínú ilé tiyín.